Kí-ló-le-níbẹ̀ àti Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kí-ló-le-níbẹ̀. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá a. Bí páìpù omi bá bẹ́, "Kí ló le níbẹ̀?" Bí mọ́tò àlejò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, "Kí ló le níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ á sì kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ti fọwọ́ kan nǹkan yìí.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, aago méjì ọ̀sán ló máa wọlé sẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wọ́ọ̀dù fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti fún un ní yunifọ́ọ̀mù tuntun, ẹyọ kan péré, pẹ̀lú àmì ọ̀gá ní èjìká. Ó fọ̀ ọ́ láàárọ̀ nítorí pé ó ń rùn bí inú páálí. Bó ṣe fọ̀ ọ́ tán ni òjò dé, òjò tí kò jọ pé ó ní ibòmíràn tó ń lọ. Ó bá ju aṣọ sínú ẹ̀rọ amáṣọgbẹ, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ yí fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó ṣí i, omi ṣì ń kán lára aṣọ.

"Ó ń yí, àmọ́ kò gbóná," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àbúrò yìí, oníṣẹ́ iná ni. Oṣù tó kọjá, lójú gbogbo ẹbí, Kí-ló-le-níbẹ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ iná kì í ṣe iṣẹ́. "Wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Kí ló le níbẹ̀?" Àna rẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn sì wọ ọkùnrin yìí lára gan-an. Ó tì í lójú láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sínú ilé.

"Má pe ẹnikẹ́ni," ó dáhùn. "Kí aago kan tó lù, wàá ti wọ aṣọ rẹ."

"Ẹ̀rù ń bà mí o, ọkọ mi. Mi ò lè fi aṣọ ilé lọ jókòó sípò ọ̀gá."

"Ṣé bí èmi ṣe wà níbí yìí náà ni ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Obìnrin náà wò ó.

Ọkùnrin yìí yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ó fà á kúrò lára ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sukudiráfà. Nọ́ọ̀tì mọ́kànlá ló tú. Ó wo inú rẹ̀. Wáyà pupa ń bẹ níbẹ̀, dúdú ń bẹ níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé náà tún ń bẹ níbẹ̀, òun ni kò retí. Ó gbá eruku jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ibi tó dà bíi pé ó fẹ́ atẹ́gùn, ó sì dé e padà. Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wọlé padà. Mẹ́ta ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ó sì gbà pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló fi wọ́n ṣòfò. Ó so ẹ̀rọ mọ́ iná padà.

Ó tan ẹ̀rọ. Ó yí. Ó tutù bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó wo aago. Aago kan ti lù. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ àna rẹ̀ láago.

"Àna mi, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè nǹkan o. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ rẹ̀ ló ń yí tí kò gbóná."

"Ẹ kú ọ̀sán, bọ̀dá. Ṣé ọ̀rẹ́ yín wà nítòsí?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

"Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti tú ẹ̀yìn ẹ̀."

Kí-ló-le-níbẹ̀ kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ṣé o ti tú ẹ̀yìn ẹ̀?" Ó dúró díẹ̀. "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sí nǹkan tó ń wá lẹ́yìn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un! Olóríkunkun ni."

"Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé inú ẹ̀rọ yẹn, bọ̀dá. Ọ̀kan ṣoṣo tó láti yí i, àmọ́ àfi kí méjèèjì pé kó tó gbóná. Kó lọ wo pátákó iná. Á rí súwíìsì kan tó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí kò dúró bíi ti àwọn yòókù. Kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pátápátá ná, kó tó gbé e sókè. Kó má fọwọ́ kan òmíràn."

"Màá sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un kó rọra o. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ọkọ míràn."

Ọkùnrin náà pa fóònù. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni pátákó iná wà, ti gbogbo ilé pọ̀ síbẹ̀, súwíìsì bí ogún. Ó ní kí òun wá èyí tó rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò mú un. Ta ló tún ń wá nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan? Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń pa wọ́n tẹ̀léra tẹ̀léra, pé tóun bá pa gbogbo rẹ̀ tán, òun á wá tan gbogbo rẹ̀ padà. Ó dé ìkẹsàn-án nígbà tí ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé náà.

Onígbàjámọ̀ jáde pẹ̀lú kílípà tó ti kú lọ́wọ́. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, apá òsì orí rẹ̀ ń dán, apá ọ̀tún kún fọ́fọ́.

"Ta ló pa iná?"

"Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe."

"Àyẹ̀wò! Ṣé ẹ rí orí oníbàárà mi?"

Kí-ló-le-níbẹ̀ wò ó dáadáa. "Apá kan ti dára."

Onígbàjámọ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tan súwíìsì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà. Ó bojú wo ìlà ìsàlẹ̀, ó rí ọ̀kan tó rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó gbé e sókè. Kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

"Tiyín nìyí tó já. Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe sọ gbogbo ilé sínú òkùnkùn?"

Kí-ló-le-níbẹ̀ kò gbọ́. Ó ti ń sáré gun àtẹ̀gùn, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tó fa á. Ó tan ẹ̀rọ. Ó yí. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó gbóná!

"Ẹ wá gbọ́wọ́ lé e! Kí ló le níbẹ̀? Aago kan ààbọ̀ nìyí, ìyàwó mi á bá àkókò. Ó ti ń yí látàárọ̀, ẹ̀fúùfù gbígbóná díẹ̀ ló kù tó fẹ́."

Ó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ó ní bóyá ó wà nílé ìwẹ̀. Ó wá pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oníbàárà náà ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi ra gbogbo ìsàlẹ̀.

"Ó gbẹ lóòótọ́," ó wí.

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ọkọ mi, mo ti dé ibi iṣẹ́ o. Mo tètè dé, wọ́n tiẹ̀ ti ń yẹ́ mi sí."

"Aṣọ wo lo wọ̀?"

"Yunifọ́ọ̀mù mi ni. Nígbà tí ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, mo yọ ọ́ láti iwájú, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo dúró níwájú yín kí n tó jáde, mo ní ó dàbọ̀. Ẹ ní kí n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀."

Kí-ló-le-níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ padà, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ọkọ mi? Kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gbóná?"

"Ó ti ń gbóná."

"Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á."