Sevugan Fọ Irin Dósà Mọ́

"Ẹyin dídín? Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ so ọwọ́ mi kan mọ́ ẹ̀yìn. Màá dín in, á sì dùn!"

Bí Sevugan ṣe sọ ọ́ nìyẹn níwájú ìsọ̀ onítíì ní ìlú Karaikudi, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí gbogbo àwọn tó ń mu tíì sì gbọ́. Ọkùnrin náà kò burú o. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sí ohun tí kò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

"Àwọn obìnrin ló sọ ìdáná di awo," ló tún wí. "Iná, irin, òróró. Kí ló kù? Irin wo ni n kò mọ̀?"

Kathiresan, tíṣà àtijọ́, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá Irin, ìyàwó ẹ ń lọ sí Madurai lọ́la, àbí? Èmi àti Rawther télọ̀ ń bọ̀ wá jẹun àárọ̀."

"Ẹ má jẹun sùn o!"

Lọ́jọ́ kejì, Umayal ìyàwó rẹ̀ ti gbé báàgì kọ́ èjìká kó tó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Deivanai, gbogbo ohun tó wà nílé yìí ló lè jóná. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan irin dósà ìyá mi. Páànù ẹyin wà ní..."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní páànù? Máa lọ, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè ẹ́."

Irin dósà yìí, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ka iná, ìyá Umayal lò ó fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Umayal náà ti lò ó fún ọgbọ̀n ọdún. Dósà nìkan, àkàrà ìrẹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ni wọ́n ń dín lórí rẹ̀. Aládùúgbò kan yá a lọ́jọ́ kan, ó fi yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Títí òjò ọdún yẹn fi dá, Umayal kò kí i.

Sevugan wá páànù lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò rí i. Irin dósà ló rí. Ó fi ìka kàn án. Ó dúdú kirikiri, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

"Háà! Ọgọ́ta ọdún, ẹnì kan ò fọ irin yìí rí! Ìdọ̀tí la ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí!"

Ọkàn ọ̀gá iṣẹ́ kò gbà á. Ó kó eérú, ó kó èèpo àgbọn, ó wá lọ mú sáńpépà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Wákàtí kan gbáko ló fi ha á. Nígbà tí àwọn àlejò dé, irin ń kọ yànràn.

Rawther yọjú sí i, ó fi ọwọ́ tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe. "Sevugan, ṣé ẹyin la wá jẹ ni, àbí a wá wo dígí?"

"Ẹ jókòó."

Ó da òróró, ó da àlùbọ́sà, ata tútù, ewé kárì àti atalẹ̀ pupa díẹ̀ sí i. Èéfín ata gbéra. Kathiresan wúkọ́, Rawther sá jáde láìmú bàtà. Sevugan fọ́ ẹyin sí i.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ti Sevugan balẹ̀, kò fọ́. Ó lẹ̀ ni.

Ó fi ṣíbí tì í, kò mì. Ó fi ọ̀bẹ hú u, òkè rẹ̀ tú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di èédú. Ó fọ́ ẹyin kejì lé e lórí, kí ó lè wá bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun náà jókòó. Nígbà tó fi máa di ẹyin kẹfà, Sevugan ti mú ìfadè tó fi ń ha irin níbi iṣẹ́ bọ̀ wá sí ìdí ààrò.

"A ò tíì dì ẹ́ lójú o," Kathiresan wí.

"Ṣé ẹ̀rín lò ń rín ni, Rawther?" Sevugan bi í.

"Rárá o, ata ni!" Rawther ké láti ìta.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n jẹ lọ. Kó tó di ọ̀sán, ẹyin ti di méjìlá nínú ìròyìn tó dé ìsọ̀ onítíì, ìfadè sì ti di òòlù.

Umayal dé nírọ̀lẹ́. Ó dúró ti irin náà, ó fi ìka kàn án.

"Mo bá ẹ fọ̀ ọ́ ni," Sevugan bẹ̀rẹ̀. "Ìdọ̀tí ọgọ́ta ọdún..."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí. Òróró ni. Òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀. Ìyá mi ló fi sí i, láràárọ̀, láràárọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Sevugan ì bá fẹ́ kó pariwo.

Umayal ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, lórí ìṣó, ní ọ̀gangan imú Sevugan gẹ́lẹ́, páànù ẹyin ló rọ̀. Ohun tí àgbà jókòó tó rí, Sevugan ha irin fún wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí i. Umayal fi páànù náà dín ẹyin kan, ó bu iyèré wọ́n ọn, ẹyin yọ̀ sọ̀rọ̀ sínú àwo. Òun nìkan ló jẹ ẹ́.

"Wọ́n sọ fún mi níbi tí mo ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pé ẹ ní ẹ lè dáná bí ojú yín bá dì," ó wí. "Ó hàn pé ó dì lóòótọ́."

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Sevugan á lóṣòó síwájú ààrò. Á gún ìlàjì àlùbọ́sà mọ́ fọ́ọ̀kì, á tì í bọ òróró yànmọ̀tí, á máa fi pa irin. Dósà tó bá ya, òun ló ń jẹ ẹ́. Títí di òní, gbogbo rẹ̀ ló ń ya.

Lánàá, Kathiresan na ọrùn wọlé láti ẹnu géètì. "Ọ̀gá Irin! Ó ku bíi ìgbà wo kí irin tó padà sípò?"

Umayal ló dá a lóhùn láti inú ilé. "Ọgọ́ta ọdún, ó dín ogójì ọjọ́."

Sevugan pààrọ̀ àlùbọ́sà.