Owó Tí Mo Fi Eyín Dán Wò

Sátidé tó ti kọjá lórí mi kò níye, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní Kàbbà, ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi.

Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà, mo sì ń fẹ́ Dúpẹ́, ọmọ Bàbá Akọ̀wé. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sóko iṣu, àpótí owó àtijọ́ ni òun ń jókòó tì. Èyí tó fẹ́ràn jù ni owó púrúùfù, tí wọ́n dìídì rọ fún wíwò, tí ojú rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí ya irun. Mo mọ ìyẹn báyìí o. Nígbà náà, n ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Bàbá fi aṣọ funfun wé ṣílè fàdákà kan, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé kan tó nípọn bíi Bíbélì.

"Tíṣà, ka ìwé yìí kí o tó fọwọ́ kan owó náà. Mú un wá lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Bí mo bá bá a bó ṣe wà yìí, màá mọ̀ pé o lè tọ́jú ọmọ mi."

Inú mi dùn títí dé ilé. Ṣé mo wá ka ìwé? Rárá o! Mo fò lọ sí ojú ewé tí àwòrán ṣílè yẹn wà, mo rí "púrúùfù" níbẹ̀, mo sáré wo atúmọ̀ èdè. Ó ní ẹ̀rí ni, ó ní ìdánwò ni. Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo ní, "Áà, bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè dá ayédèrú mọ̀ ni!" Ta ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dán owó wò? A ó jù ú sórí òkúta ká gbọ́ bó ṣe ń dún, lẹ́yìn náà a ó gé e jẹ.

Mo jù ú sórí ọlọ Ìyá Onílé. Ó dún dáadáa, ó ta, ó bọ́ sínú ata.

"Tíṣà, kí lò ń wá nínú ata mi?"

Mo yọ ọ́, mo ki í bọ ẹnu, mo gé e jẹ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Nǹkan kán. Mo pariwo pé, "Ayédèrú ni! Ó ti kán!" Ìgbà tí mo tutọ́ sọ́wọ́ ni mo rí i pé eyín mi ni.

Ìyá Onílé wò mí tàánútàánú. "Bí ebi bá ń pa ọ́, iṣu wà nínú ìkòkò."

Owó ti họ, ata ti kùn ún. Mo wá fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bò ó, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kàwé. Ohun tí ìwé náà wí ni pé: Má fi ìka kan ojú rẹ̀. Má fọ̀ ọ́. Má nù ún. Kò sọ pé kí n má gé e jẹ. Ẹni tó kọ ìwé náà kò mọ̀ pé irú mi wà láyé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fọwọ́ bo ẹnu dé ilé Bàbá.

"Okun o, Bàbá," mo kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbbà.

"Okun. Owó mi dà?"

Mo ti múra láti sọ pé eku ló bà á jẹ́, àmọ́ Dúpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ẹnu mi kò gbà á. "Bàbá, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo... mo gé e jẹ."

"O gé e jẹ?"

"Mo fẹ́ dán an wò ni, sà."

"Lanu." Mo lanu. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, Dúpẹ́ di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú.

Nígbà tí Bàbá nu ojú tán, ó ní, "Owó yìí dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n o lè purọ́, o ò purọ́. Máa gbé ìwé náà lọ. Ọjọ́ tí o bá kà á tán, wá gbé ìyàwó rẹ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kà á, láti èèpo dé èèpo! Látìgbà náà, ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé. Dúpẹ́ ló ń tọ́jú ṣílè náà di bí mo ti ń sọ yìí, bí mo bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àṣejù ọ̀mọ̀wé níwájú àlejò, á ní, "Tíṣà, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n rí púrúùfù." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Màá rẹ́rìn-ín, àlàfo á sì yọ síta.