Ìdánwò Oyè Ọ̀gá Irọ́-Ni

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Irọ́-Ni, Arílé-tó-ń-jó-bèèrè-iná, ọkọ obìnrin tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é ní "Ṣátàdì" láàárọ̀ kó tó lè dáhùn pé ẹ kú àárọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ti ń jẹun. Tí ilé ẹnì kan bá jó, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn forí sọ igi, òun ni wọ́n ń rán lọ yẹ òfò náà wò, kó wá sọ ohun tó tọ́ kí wọ́n san. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Irọ́ ni." Nígbà tí ìjì ká òrùlé àbúrò rẹ̀ lọ, inú pálọ̀ tí kò lórùlé yẹn ló dúró sí, tí òjò ń pa á lórí, tó fi ní irọ́ ni.

Ṣátàdì tí ẹ ń gbọ́ yìí, oyè ni. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ òfò wò ló ń fi í fún ẹni tó bá yege ìdánwò wọn. Irọ́-Ni ti yege nínú èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àṣekágbá ló kù, èyí tí wọ́n máa ń mú èèyàn wọ yàrá tí nǹkan ti bàjẹ́, kó fojú ara rẹ̀ wò ó, kó sì sọ ohun tó rí. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gba oyè náà ni yóò jókòó sí àga olórí ẹ̀ka. Irọ́-Ni kò dúró de ìdánwò. Ó ti wọn fèrèsé ọ́fíìsì náà, ó sì ti ra kọ́tíìnì.

Ibi tí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti gba oyè náà, ó fi ọtí àti ẹran tù ú lójú, ọ̀rẹ́ náà sì tú àṣírí.

"Yàrá tí omi ti bàjẹ́ ni wọ́n máa mú ẹ wọ̀. Wàá bá òṣèré kan níbẹ̀ tó máa ṣe bí onílé. Irọ́ ló máa pa fún ẹ. Ṣáà ti já a."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Irọ́-Ni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láìsí ìyìn ni wọ́n fẹ́ fi oyè sí lórí yìí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wọ kóòtù lé wẹ́sìkóòtù, ó kó ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀gá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n lè fojú rí ògo rẹ̀. Àwọn yòókù tó fẹ́ ṣe ìdánwò jókòó jẹ́jẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n. Irọ́-Ni kò jókòó. Ó rí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀, ó rí kápẹ́ẹ̀tì tó tutù rinrin, ó sì rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ká aṣọ sókè, tó ń fún omi àkísà sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé láìkànlẹ̀kùn.

"Màdáàmù, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Páìpù ló bẹ́ láàárọ̀ yìí, ọ̀gá. Ẹ rọra tẹ ilẹ̀ o."

"Irọ́ ni."

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. "Ẹ ní kí ni?"

"Omi yìí kì í ṣe ti òní." Kò wo àjà, kò fọwọ́ kan ògiri. "Ẹ̀yin lẹ dà á sílẹ̀, kí wọ́n lè bá yín ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀. Ojú yín jọ ti olè." Ó yíjú sí àwọn tó kó wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wo bó ṣe yanu. Obìnrin yìí mọ eré ṣe gan-an."

Púlọ́ńbà kan yọ láti kọ̀rọ̀ yàrá, sípánà lọ́wọ́. "Màmá, mo ti ti omi náà pa. Páìpù yẹn ti jẹrà."

Irọ́-Ni pàtẹ́wọ́ fún un. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló yá ẹ ní sípánà?"

Púlọ́ńbà wo obìnrin náà. "Màmá, ṣé ara ọ̀gá yìí yá báyìí?"

Obìnrin náà nu ọwọ́, ó sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó wá fi ojú tó tutù wo àlejò rẹ̀. "Yàrá ìdánwò wà lódìkejì. Ọ́fíìsì mi lẹ wà yìí. Èmi ni alága àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún yín."

"Irọ́..." Ó gbójú sókè. Àwòrán obìnrin náà ló ń wò ó lára ògiri, nínú aṣọ oyè ẹgbẹ́.

"Ẹni tó fẹ́ gba oyè wa gbọ́dọ̀ lè béèrè ọ̀rọ̀," ni alága wí. "Ẹ̀yin ti gbé ìdáhùn láti ilé wá. A ò ní pè yín wọlé lónìí."

Ọ̀gá àgbà mi orí. "Àga yẹn, màá wá ẹlòmíràn fún un."

Irọ́-Ni bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀ ló ń fẹ̀yìn rìn, bàtà rẹ̀ tuntun kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tútù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó jókòó gbì sáàárín omi, tòun ti kóòtù.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ nàgà wò ó dáadáa, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìdánwò ọ̀hún ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣe é tán ni?"

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, Màmá."

"Ọkọ ẹ sì ti fìdí rẹmi."