Injíníà Nurain Pààrọ̀ Sẹ́ńsọ̀

Nígbà kan, Nurain pààrọ̀ waipa mọ́tò rẹ̀, ó gbé tọ̀tún sósì, ó gbé tòsì sọ́tùn-ún. Òjò dé, waipa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn létí. Ojú ì bá ti ẹlòmíràn. Nurain ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe ara rẹ̀ ní Injíníà.

Injíníà Nurain, ọmọ Aṣíbọ́nẹ́ẹ̀tì-mirí! Fóònù ni ó ń tà ní Morrow, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ mọ́ṣáláṣí wa ní Jonesboro, ní Georgia, ariwo kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé sáàfù. Mọ́ṣáláṣí fẹ́ ra bọ́ọ̀sì. Nurain fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó rẹ̀.

Làtífátù, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ wa, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Camry rẹ̀ ti gbó, irú ti Nurain gan-an. Iná ìkìlọ̀ kan tàn níwájú awakọ̀: sẹ́ńsọ̀ méjì tí ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ti bàjẹ́. Bí iná yẹn kò bá kú, mọ́tò kò ní yege àyẹ̀wò èéfín, táàgì rẹ̀, àṣẹ ọdọọdún tí a fi ń wa mọ́tò lójú títì, kò sì ní ṣeé sọ di tuntun. Ọjọ́ ìbí ẹni ni táàgì ń kú ní Georgia, ọjọ́ ìbí Làtífátù sì ti ń sún mọ́lé. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan tí ń dé ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ra sẹ́ńsọ̀ tuntun méjì. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tí kò bá ní àmì nínú fíríìjì, ti gbogbo ayé ni. Nítorí náà, bí ó ti máa ń ṣe sí báàgì rẹ̀ nígbà tó bá ń wọ bàálù lọ sílé, ó ya ìrépé àǹkárá, ó so ó mọ́ wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Aunty, ẹ má wá mẹ́káníìkì kankan lọ," ni Nurain wí. "Ẹ gbé mọ́tò wá sílé mi. Ṣé èmi Injíníà á wà láyé, kí wọ́n máa rẹ́ yín jẹ?"

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dá mọ́tò padà, iná ti kú. Làtífátù ṣàdúrà fún un títí. Kò tíì kúrò ní Jonesboro tí iná fi tún tàn. Ó pè é lórí fóònù.

"Aunty, ẹ ní sùúrù. Mọ́tò yín ti darúgbó. Sẹ́ńsọ̀ tuntun á máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀."

Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ni ó fi pa iná náà rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ti wọnú Camry Nurain, tí iná tirẹ̀ náà ti ń tàn tipẹ́. Ẹni tí ó ní kí wọ́n má rẹ́ wa jẹ, eyín tirẹ̀ ni ó ń pọ́n.

Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ ìbí Làtífátù kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́. Wọ́n parí àsàlátù, Nurain sì ti fi jáàkì gbé Camry rẹ̀ sókè níta mọ́ṣáláṣí. Ó wọ jalamíà funfun báláú. Ó ní kí gbogbo ìjọ wá kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ nílé. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é! Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó!"

Teslim, alága ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀. "Injíníà, aṣọ wo ni wọ́n so mọ́ ọn yìí?"

Nurain ti rí aṣọ náà nígbà tí ó ń de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ gbogbo nǹkan, ta ni yóò bi?

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àánú wa ń ṣe. "Chairman, òun ni wọ́n fi ń mọ original. Japan ni wọ́n ti so ó. Ayédèrú kì í ní aṣọ."

Làtífátù náà bẹ̀rẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wo ìró tí ó ró. Orí ẹyẹ inú àǹkárá náà wà lábẹ́ mọ́tò. Ìrù ẹyẹ wà ní ìdí Làtífátù.

"Japan wo, Injíníà? Ìsẹ́yìn ni ìyá mi ti ra ìró yìí fún mi!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Injíníà Japan! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Nurain ní ó jọ pé sẹ́ńsọ̀ ṣèèṣì pààrọ̀ ara wọn. Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín.

"Nurain, dùbúlẹ̀. Tú u."

Ó dùbúlẹ̀ sórí kọnkéré lójú gbogbo ìjọ, ó tú u. Nígbà tí ó fi de méjèèjì sínú mọ́tò Làtífátù tán, jalamíà kò mọ ohun tí ń jẹ́ funfun mọ́. Làtífátù kó sẹ́ńsọ̀ ògbólógbòó tí ó yọ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, ẹ fi sínú tiyín. Á máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀."

Camry Làtífátù yege kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé. Teslim ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì sí lọ́wọ́. Ọjọ́ ìbí Nurain dé, táàgì tirẹ̀ kú.

Ibùdókọ̀ ojú irin ní West End ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń dúró de ọkọ̀.