Ọwọ́ Tó Bá Ti Gòkè ní Káńsù Wendale

Yìnyín oṣù Jánúárì bo gbogbo Wendale, àmọ́ nínú ọ́fíìsì Desmond Threlkeld, ọ̀gá tó ń pín owó ẹ̀kọ́ fún káńsù, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Ni Mísìsì Thirza Blenkinsop bá wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Skelbeck, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tísà, torí pé òun ló kọ́ ìdajì ìlú: kóòtù méjì ló wọ̀, ó wé ìborùn mọ́ ìborùn, imú rẹ̀ pọ́n bí ata.

DESMOND: Mísìsì Blenkinsop! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ooru má baà... (Ó nu òógùn iwájú orí rẹ̀.) Rárá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru yìí ti pọ̀ jù.

TÍSÀ: Ó pọ̀ jù? (Ó lọ tààrà síbi irin olóoru tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó fẹ̀yìn tì í, ó dijú.) Kẹ́nikẹ́ni má tíì bá mi sọ̀rọ̀.

DESMOND: Ẹ wá jókòó sórí àga, mà.

TÍSÀ: Àga ò gbóná.

DESMOND: Kí la lè ṣe fún yín?

TÍSÀ: Ẹ̀rọ amúlémóoru ilé-ìwé wa kú.

DESMOND: Ṣé ó kú ni, àbí ara ẹ̀ ni ò yá?

TÍSÀ: Ó kú, Desmond. Ó wúkọ́, ó yọ èéfín, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ làwọn ọmọ fi ń kọ̀wé báyìí, a ò mọ ẹni tó kọ A mọ́ yàtọ̀ sẹ́ni tó ya ewúrẹ́. Ẹja inú abọ́ kíláàsì kejì dúró sójú kan, kò mira. Mo sọ fún wọn pé ó ń ronú. Ìṣirò ńkọ́? Jíjó là ń jó o. Ẹni tó bá jókòó, á dì gbagidi.

DESMOND: Ìṣirò pẹ̀lú eré ìdárayá! Ẹ ò rí i bí ìyẹn ṣe wúni lórí tó! Olùdámọ̀ràn wa gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ẹ̀.

TÍSÀ: Mi ò wá gbàyìn. Owó àtúnṣe ni mo wá gbà.

DESMOND: Ẹ̀n-ẹ́n. Owó. (Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, inú rẹ̀ ń dùn, kò sóhun tó wù ú tó àlàyé.) Ìṣòro yín ni pé ẹ ò mọ bí owó ẹ̀kọ́ ṣe ń rìn.

TÍSÀ: Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbé e dé Skelbeck.

DESMOND: Ẹ jẹ́ kí n fi tíì ṣàlàyé. (Ó fa ìkòkò tíì tó ń rú èéfín sọ́dọ̀, ó to ife méjì síwájú.) Ìkòkò yìí lowó tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa láti London. Ife yín rèé, ti ilé-ìwé. Tèmi rèé, ti olú iléeṣẹ́.

TÍSÀ: Kí ló dé tí ti olú iléeṣẹ́ fi tó korobá?

DESMOND: Iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀. Ká tó fún ilé-ìwé kankan, káńsù á kọ́kọ́ bu tiẹ̀. (Ó ń dà á, kò dúró.) Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ọ̀nà jíjìn, àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì...

TÍSÀ: Ìyẹn dáa. Mi ò bá a jà.

DESMOND: ...olùdámọ̀ràn, igbákejì olùdámọ̀ràn, ẹni tó ń dá olùdámọ̀ràn nímọ̀ràn...

TÍSÀ: Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan.

DESMOND: Gbogbo ìyókù pátá, tilé-ìwé ni! (Ó bu díẹ̀ sínú ife kejì.) Ẹ wò ó.

TÍSÀ: (Ó nawọ́ sí ife.) Ó ṣeun, ọmọ mi. Ìka mi ti kú...

DESMOND: (Ó já ife gbà.) Ẹ dúró ná! Àwọn aṣojú ilé-ìwé fúnra wọn ló jókòó, tí wọ́n ní ká dá lára ẹ̀ padà sí olú iléeṣẹ́, ká máa bá wọn tọ́jú owó àtúnṣe. (Ó da ife Tísà sínú korobá tiẹ̀, ó gbé òfìfo padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.)

TÍSÀ: (Ó yọjú wo ìdí ife.) Èyí ńkọ́?

DESMOND: Ètò ìnáwó yín nìyẹn. Òmìnira yín ni. Ẹ ná an bó ṣe wù yín.

TÍSÀ: Ewé tíì ló kù síbẹ̀, Desmond.

DESMOND: Ewé tíì ni lóòótọ́, àmọ́ tiyín ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. (Ó gbé korobá sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì.)

TÍSÀ: Ó dáa. Owó àtúnṣe tẹ́ ẹ bá wa tọ́jú, ẹ fi tún ẹ̀rọ wa ṣe.

DESMOND: Ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́! A ti fi gba Olùdámọ̀ràn Ọ̀rọ̀ Òtútù.

TÍSÀ: Kí nìyẹn ń ṣe?

DESMOND: Ó ń ṣèwádìí bóyá òtútù wà nílé-ìwé.

TÍSÀ: Kò dé Skelbeck.

DESMOND: Ó gbéra. Òtútù dá a padà lójú ọ̀nà.

TÍSÀ: Ìwádìí ti parí nìyẹn!

DESMOND: Rárá o. Ó ní òun á tún gbìyànjú ní oṣù Keje.

(Ó mu ìyókù tán, ó tún kún korobá. Ojú Tísà ń bá ìkòkò lọ bí ojú ológbò.)

TÍSÀ: Àwọn aṣojú wo tiẹ̀ ni, tó kó owó àwọn ọmọ padà fún un yín? Mo fẹ́ dá wọn mọ̀.

DESMOND: (Ó húkọ́.) Ìdajì gbà, ìdajì kọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ kí àwọn tó gbà borí.

TÍSÀ: Ọwọ́ onítọ̀hún á gbẹ! Ta ni?

DESMOND: Ẹ̀yin ni mà.

(Tísà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rọra fi í pa mọ́ sínú àpò kóòtù.)

TÍSÀ: Èmi kẹ̀?

DESMOND: Ìpàdé tó ṣáájú Kérésìmesì. Alága ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn," ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ lọ sókè, gbọọrọ.

TÍSÀ: Ilé ìtọ̀ ni mo fẹ́ béèrè! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fọ́mọ aráyé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde láìnawọ́. Mo nawọ́, alága mi orí sí mi, mo bá jáde!

DESMOND: Ẹ jáde, wọ́n ti ka ọwọ́ yín. Òfin wa ni: a kì í bi ọwọ́ léèrè ohun tó ń wá lókè. Ọwọ́ tó bá ti gòkè, ó ti gòkè. Èmi fúnra mi ni mo gbé òfin náà kalẹ̀.

TÍSÀ: Ó jọ ọ́. Nígbà tó o wà ní kíláàsì mi, ọwọ́ rẹ á ti kan àjà kí n tó bi ìbéèrè tán. Ìdáhùn nìkan ni kì í bá ọwọ́ dé.

DESMOND: (Ó wo ilẹ̀kùn.) Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ la wà.

TÍSÀ: Báwo la ṣe máa yí i padà?

DESMOND: Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

TÍSÀ: Nígbà tí oòrùn á ti máa bá wa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

DESMOND: Ìgbìmọ̀ Pàjáwìrì wà, àmọ́ kò tíì jókòó rí. Ẹni méjì péré ni: èmi alága, àti aṣojú ilé-ìwé kan. Tí wọ́n bá ti bu tíì, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.

TÍSÀ: Ta laṣojú náà?

DESMOND: Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é o. Ni wọ́n bá fi ẹni tí kò sí níjòókòó jẹ ẹ́. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ... (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.) ...sí ilé ìtọ̀.

(Wọ́n wo ara wọn. Tísà tú ìborùn kan.)

TÍSÀ: Káńsù yìí mà le o! Èèyàn ò lè lọ tọ̀ kó padà wá bá ara ẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. (Ó kúrò lẹ́bàá irin olóoru, ó wá jókòó sórí àga, ó gbé ife ewé tíì síwájú ara rẹ̀.) Ta ló bu tíì, Desmond?

DESMOND: Èmi ni, àmọ́...

TÍSÀ: Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Mo dábàá pé kí wọ́n tún ẹ̀rọ amúlémóoru Skelbeck ṣe lónìí. (Ó nawọ́.) Ọwọ́ mi rèé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtọ̀ kọ́ ló ń gbọ̀n mí.

DESMOND: (Ó rẹ́rìn-ín, ó tún da tíì sọ́nà ọ̀fun.) Mísìsì Blenkinsop, kí ìpàdé wà títí ilẹ̀ á fi ṣú! Àfi kí ọwọ́ àwa méjèèjì gòkè kí àbá tó wọlé. Tèmi... (Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.) ...ẹ wo ibi tó wà.

TÍSÀ: Kí ló le tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí? Àwọn ọmọdé ló ń gbọ̀n.

DESMOND: Tísà, ẹ gbà mí. Tí mo bá tún ti Skelbeck ṣe, gbogbo ilé-ìwé ló máa wá sọ pé ká máa ná owó ilé-ìwé lórí ilé-ìwé. Níbo la máa bá a já?

TÍSÀ: (Ó mí kanlẹ̀, ó kó àwọn ìborùn rẹ̀ jọ.) Òótọ́ lo sọ. Àgbà ti dé sí mi. Jẹ́ kí n padà lọ bá wọn, ká lọ máa jó ìsọdipúpọ̀ wa.

(Ó rọra wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe di ilẹ̀kùn mú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ó pàtẹ́wọ́ pá-pá, ohùn tó kún pápá ìṣeré sì jáde lẹ́nu rẹ̀.)

TÍSÀ: Kíláàsì! Ta ló mọ méje lọ́nà mẹ́j...

DESMOND: (Ọwọ́ já yọ lábẹ́ itan bí ìbọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já iná àjà lulẹ̀.) Èmi, Tísà! Èmi! Èmi! Mẹ́rìnléláàádọ́ta!

(Desmond gbójú sókè wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ará ilé kejì ni.)

TÍSÀ: Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Mo ti wá mọ ìdí tí ìpín wa fi rí bó ṣe rí.

DESMOND: Tísà, ìyẹn ò kà! Ìbéèrè ni mò ń dáhùn!

TÍSÀ: A kì í bi ọwọ́ léèrè... Bá mi parí ẹ̀.

DESMOND: (Pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.) ...ohun tó ń wá lókè.

TÍSÀ: Ọmọ dáadáa. Ọwọ́ méjèèjì ti gòkè, àbá ti wọlé. Pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí n máa gbọ́ ọ.

DESMOND: (Lórí fóònù.) Ẹ lọ sí Skelbeck... Lónìí... Rárá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ wò ó. Kẹ́ ẹ tún un ṣe! ... Mo mọ̀ pé a ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

(Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó wo ìkòkò tíì: ó ti gbẹ táútáú. Ó fẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó tún fi èkejì lé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó nawọ́.)

TÍSÀ: Kí ni, Desmond?

DESMOND: Tísà, ẹ jọ̀ọ́... ṣé mo lè lọ tọ̀?

TÍSÀ: Lọ, ọmọ mi. Àmọ́ sáré o, kí n má baà ti fi ọ́ jẹ Olùdámọ̀ràn Ọ̀rọ̀ Òtútù kó o tó padà.