Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Hausa Rà

Ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ gba àárín ọgbà wọ ilé Màì Ungúwà, olórí àdúgbò wa, tí mi ò kan ilẹ̀kùn, tí mi ò sì kí ẹnikẹ́ni, kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Àwọn àgbààgbà mẹ́rin ló jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dógóyárò. Ọ̀kan nínú wọn ń mu fúrá, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà, lọ́wọ́. Kò rí i mu tán.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, oníròyìn ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn ní Minna. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Dutsen Kura ni mo kọ́lé sí. Mo ti kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀ débi pé mo máa ń mọ ohun tí ẹlẹ́rìí fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni ìjàǹbá tiwa yìí ṣẹlẹ̀. A kò wá ẹni tó fà á jìnnà. Èmi náà ni.

Nítorí Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin, ni gbogbo rẹ̀. Gidan Kwano ló ti ń kàwé, ṣùgbọ́n àyè ò sí nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló bá gba yàrá sí abúlé kan lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀nà abúlé náà, ibi tí kì í bá ṣe òkúta, kòtò ni. Bọ́ọ̀sì kì í débẹ̀, ọlọ́kadà sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Tọ́pẹ́ ti pẹ́ dé ibi ìdánwò kan rí, olùkọ́ ò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n wá fún un ní àǹfààní kan péré láti tún un ṣe, ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Bó bá tún pẹ́, ọdún mìíràn ni yóò tó rí ìdánwò náà ṣe.

"Dádì, kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́," ó sọ fún mi nígbà tó wálé ní ọjọ́ Jímọ̀. "Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán o. Èyí tí wọ́n fi ń gun òkè. Kẹ̀kẹ́ lásán á tú ká lójú ọ̀nà yẹn."

Ó kọ gbogbo ohun tí a ó wò lára rẹ̀ sórí ìwé fún mi: kí táyà fẹ̀ kó sì ní eyín, kí ṣọ́ọ̀kì wà níwájú, kí jíà máa yí, kí férémù má ga jù ú lọ. Èyí tó kẹ́yìn ni bíréèkì. Ìlà méjì ló fà sábẹ́ bíréèkì.

Ìyá rẹ̀ wò mí. "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ mú ọmọ yín dání lọ. Òun ló gbọ́ Hausa."

Òótọ́ ni. Minna ni wọ́n bí Tọ́pẹ́ sí, bó bá ń lá àlá, mo rò pé Hausa ló fi ń lá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. "Hausa wo ni mi ò gbọ́? Hausa tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọlọ́pàá?"

"Ó dáa náà," ìyàwó mi ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí 'ó dáa náà' túmọ̀ sí.

Owó tí mo kó sápò ní ọjọ́ kejì kò tó nǹkan, owó tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ táyà mọ́tò mi tó ti gúnlẹ̀ sílé ni. Ní àdúgbò Shango, ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, kẹ̀kẹ́ tuntun ló wà níbẹ̀, nílọ́nù ò tíì kúrò lára wọn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á dárúkọ iye rẹ̀, mo gbọ́wọ́ kúrò kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó fi òmíràn tí kò wọ́n hàn mí. Ìyẹn náà ń dán, wọ́n sì ya àwòrán òkè sí i lára. Mo tẹ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò mì. Mo tún un tẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì fún ojú wíwò ni. Ẹ wò ó, ká ní mo pa dà sílé láti ibẹ̀ ni, ọlọ́gbọ́n ni ǹ bá jẹ́ ní ọjọ́ yẹn.

Iwájú díẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, ni mo ti rí Malam Sani, àgbà ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ Tókúnbọ̀. Láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo rí ọ̀kan tó pupa bíi osùn. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín. Mo tẹ ṣọ́ọ̀kì, ó lọ sílẹ̀, ó pa dà sókè. Jíà ń yí. Férémù kò ga. Mo ń fi bírò mi sàmì sí ìwé Tọ́pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí fún ìjọba. A dúnàádúrà, iye náà bọ́ sí ibi tí àpò mi lè dé. Ó ku bíréèkì nìkan lórí ìwé.

Ibẹ̀ ni Malam Sani ti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, tó ní, "Amma Alhaji, akwai gyara fa."

Kí n tó tẹ̀síwájú: Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n ní Minna, bí irùngbọ̀n èèyàn bá ti funfun, Alhaji ni. Èkejì, kò sí Yorùbá kan nílùú yìí tí kò mọ gyara. Èènì ni. Ẹ ra ìrẹsì, ẹ ní kí wọ́n ṣe gyara, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nílẹ̀ Yorùbá ń pè é ní jàárá. Ogún ọdún ni mo ti ń gba gyara lọ́jà. Nígbà tí bàbá yìí wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé gyara wà, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìwé ọwọ́ mi.

"Madalla!" ni mo dá a lóhùn. "Na gode, na gode!"

Bàbá náà wò mí. Ó jọ pé kò rí oníbàárà tó dúpẹ́ báyìí rí. "To," ó ní. "Ka dawo gobe." Pé kí n pa dà wá lọ́la.

Ọ̀la kẹ̀? Èènì wo ni wọ́n ń sun síwájú? Mo ní ọgbọ́n ọlọ́jà ni èyí, bí mo bá ti kúrò níbẹ̀, èènì ti lọ nìyẹn. Mo na ọwọ́ mi sí i. "A'a, Malam. Ba ni gyarana yanzu." Pé kó fún mi ní èènì mi báyìí báyìí.

Malam Sani rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú aago kẹ̀kẹ́ kan látinú agbọ̀n, ó sì dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún gbaun gbaun. Mo sanwó. Bí mo ṣe ń lọ, ó ní "Allah ya kiyaye," kí Ọlọ́run ṣọ́ mi. Mo ní "Amin." Àdúrà lásán ni mo pè é. Kì í ṣe àdúrà lásán rárá.

Ọ̀nà jìn láti Shango dé Dutsen Kura, mo bá dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró. Awakọ̀ náà wo ẹrù mi. "Baba, keke cikin keke?" ó ní, kẹ̀kẹ́ nínú kẹ̀kẹ́? Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn fún mi. Ẹ ò rí i pé títí di àsìkò yìí, èèyàn kan ò tíì jókòó lé kẹ̀kẹ́ náà.

Ó yẹ kó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyàwó mi rí mi lórí kẹ̀kẹ́, kí ó sì gbé 'ó dáa náà' rẹ̀ mì. Mo ní kí ọmọkùnrin náà sọ̀ mí kalẹ̀ ní oríta tó wà lókè, níbi tí ọ̀nà àdúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ká ṣòkòtò mi sókè. Mo gùn ún.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn púpọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi láyà, mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tí atẹ́gùn náà wá ń pọ̀ jù, mo fún bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo fún tòsì. Ìyẹn tilẹ̀ yọ sí mi lọ́wọ́. Mo wò ó: wáyà kankan ò sí nídìí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lára kẹ̀kẹ́ náà tó lè ràn mí lọ́wọ́ ni èènì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Hausa tí mo fi ń fọ́nnu bá gbẹ lẹ́nu mi pátápátá, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù: "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò lọ́nà o!"

Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí lẹ́yìn náà, nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Sule, tẹ́lọ̀ tó ń ránṣọ létí ọ̀nà, ní, "Mo gbọ́ aago, mo gbọ́ 'yago, yago'. Mo rò pé ó ń polówó nǹkan. Mo tilẹ̀ fẹ́ bi í pé èló ni." Màmá Díákónì, aládùúgbò wa láti Ọ̀yọ́, ní tirẹ̀ sọ pé: "Mo rí i pé Bàbá Tọ́pẹ́ ni. Mo kí i pé ẹ kú ìrìn o. Kò dáhùn. Ìró mi tó wà lórí okùn ló mú lọ."

Lóòótọ́ ni. Ìró màmá ló bò mí lójú nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ọ̀nà yà, èmi ò yà. Mo la ọgbà koríko híhun tí wọ́n ń pè ní zana kọjá, mo sì balẹ̀ sórí òkìtì ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí Màì Ungúwà kó jọ fún àwọn àgbò rẹ̀. Igbá fúrá àgbà tó ń mu ún lọ́wọ́ tẹ̀ lé mi, ó sì dànù. Àgbò kan wá, ó gbọ́ òórùn orí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Màì Ungúwà, arúgbó tí kì í kánjú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ɗan jarida," ó ní, "yau kai ne labarin." Oníròyìn, lónìí, ìwọ gan-an ni ìròyìn.

Ẹ̀rín bú. Yàtọ̀ sí ìgúnpá tó bó, mi ò fara pa. Tọ́pẹ́ gbọ́ ariwo, ó sáré dé láti ilé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó gbé ìró kúrò lọ́rùn mi, ó sì wo ọwọ́ bíréèkì tí mo ṣì dì mú.

"Dádì, ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ yìí ò sọ fún yín ni?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ohun tó sọ ò ju akwai gyara."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, nítorí ìdánwò. Ẹ̀rín ni. "Dádì! Àtúnṣe ni gyara! Ó ní nǹkan kan ṣì wà lára ẹ̀ tó fẹ́ tún ṣe! Ó ní kẹ́ ẹ pa dà wá lọ́la!" Ó tú u sí Hausa fún àwọn àgbà náà, ẹni tí fúrá rẹ̀ dànù wá fi orí lé ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá bèèrè rẹ̀, èènì ni. Tí ọlọ́jà bá fúnra rẹ̀ sọ pé ó wà, ẹ sá.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí ọjọ́ Ajé ló wà lọ́kàn mi. Bí ọmọ bá pàdánù ìdánwò yẹn, èmi tí mo kọ̀ láti mú un dání ló fà á. Mo bẹ Màì Ungúwà nípa ọgbà rẹ̀. Ó ní kí ọmọ ṣe ìdánwò ná, kí n wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tọ́pẹ́ ló ṣáájú, èmi ló ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Malam Sani ti tẹ́ wáyà tuntun méjì àti rọ́bà bíréèkì sílẹ̀ lórí àpò, ó ń retí mi. "Mo ní kó wá lónìí," ó sọ fún Tọ́pẹ́ ní Hausa. "Ó ní òun fẹ́ gyara òun lójú ẹsẹ̀. Mo ní bóyá mẹkáníìkì ni." Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ yọ aago náà fi kún ẹrù rẹ̀, Tọ́pẹ́ ní kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún. Tọ́pẹ́ ni. Ó kàn tẹ aago sí mi létí: gbaun gbaun. Ó ti débẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ Hausa bá ti ju ìkíni lọ, tówó sì wà níbẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Èèyàn lè gbé ìlú fún ogún ọdún, kó jẹ́ pé ibi tó dùn mọ́ ọn nìkan ló gbọ́ nínú èdè wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, mo lọ bá Màì Ungúwà. Ó mú mi lọ sí ibi ọgbà tí mo là. Ihò náà ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó tilẹ̀ jọ mí díẹ̀. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i, ó wò mí lójú, ó sì rọra sọ pé:

"Ɗan jarida, akwai gyara."

Mo na ọwọ́ díẹ̀, ẹ má bínú, ó ti mọ́ mi lára. Mo yára ká a pa dà. Mo bi í pé agogo mélòó ni kí n wá lọ́la. Ó ní agogo méje, kí n má sì gbé kẹ̀kẹ́ wá.