Norris Gé Koríko Ọgbà Etí Odò

Láàárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ ń bọ̀ wá wò ó bóyá àmì-ẹ̀yẹ tọ́ sí ọgbà etí odò wa, Ìyáàfin Hilda Entwistle, alága ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ọgbà, gba ẹnu ọ̀nà afárá wọlé. Ó bá Norris Clegg, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọgbà, níbi tó ti ń nu ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀.

NORRIS: Ẹ káàárọ̀, ma. Ẹ wẹ̀yìn.

HILDA: Ẹni tó ń kí èèyàn kì í pàṣẹ fún un, Norris. (Ó wẹ̀yìn. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Koríko mi dà?

NORRIS: Mo ti gé e. Ẹ wo ilà rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan mọ́lẹ̀, bíi pápá bọ́ọ̀lù. Okùn ni mo fi wọ̀n ọ́n.

HILDA: Láti ìgbà ìrúwé ni a ti fi koríko yẹn sílẹ̀.

NORRIS: Mo mọ̀, ma. Ojú tì mí bá yín.

HILDA: A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí oyin àti labalábá. Òdòdó elésè àlùkò kan wà láàárín rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ìlú yìí. Mo ri igi yí i ká.

NORRIS: Ẹ̀yin lẹ ni igi yẹn? Mo rò pé àwọn ọmọ ìta ló dà á síbẹ̀. Mo ti fi dáná. Ṣùgbọ́n òdòdó yẹn kò sọnù, ma. Òun ló wà lára fìlà mi yìí.

(Hilda wo fìlà náà. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì.)

HILDA: Ta ló rán ọ níṣẹ́?

NORRIS: Ẹ̀yin náà ni. Mo bẹ̀ yín nípàdé pé kí ẹ jẹ́ kí n wọ ìgbìmọ̀, ẹ ní rárá. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọgbà, kó rí ohun tó bàjẹ́, kó tún un ṣe. Mo rí i, mo tún un ṣe. Mo tiẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ilé ìtajà tó rì sódò jáde.

HILDA: Kò rì. Ó wà níbẹ̀ ni. Ẹyẹ omi ń kọ́lé sínú rẹ̀.

NORRIS: Abájọ. Ó bá mi jà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. Nígbà tí mo dá kẹ̀kẹ́ padà, owó póùn tí wọ́n fi ń yá a, tó há sí i lẹ́nu, bọ́ jáde. Ẹ gbà, ti ẹgbẹ́ ni.

HILDA: Norris, gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àmì-ẹ̀yẹ yìí. Ọgbà òkè odò ló ń gbà á lọ́dọọdún. Adájọ́ ń bọ̀ lónìí.

NORRIS: Ṣé ọkùnrin onígíláàsì, tó wọ bàtà òjò, tó tún so táì?

HILDA: (Ó dìde.) Níbo lo ti rí i?

NORRIS: Ó ti wá kí ẹ tó dé. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú koríko yẹn, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló sọnù. Ó ní kò sí ohun tó sọnù, pé nínú gbogbo ọgbà tí òun ti wò, kò sí èyí tó tó èyí.

HILDA: (Ohùn rẹ̀ rọ̀.) Ó sọ bẹ́ẹ̀?

NORRIS: Ó ní tiyín ni àmì-ẹ̀yẹ. Ó kàn lọ mu tíì, kó sì mú kámẹ́rà wá láti ya koríko náà. Mo wá rò ó pé ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ṣebí ó yẹ kó gẹrun.

(Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn yọ lórí afárá, ó ń juwọ́. Hilda yọ báàjì alága láyà ara rẹ̀, ó fi há Norris láyà.)

HILDA: O ní o fẹ́ wọ ìgbìmọ̀. O ti wọ̀ ọ́. Ìwọ gan-an ni alága báyìí. Lọ pàdé àlejò rẹ.

NORRIS: (Ó gbé àyà sókè.) Ẹ ṣeun, ma. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró díẹ̀ lórí afárá, kí n yára gé ti etí odò náà.